Èjí Tí Mo Gbé Lọ sí Ìlú Panla

Ẹ̀yin ará ilé, láti ọjọ́ tí mo ti dé ni ẹ ti ń bi mí ní ìbéèrè kan náà: ṣé lóòótọ́ ni yìnyín ń bọ́ láti ojú ọ̀run bí òwú? Bẹ́ẹ̀ ni, ó ń bọ́. Ó funfun, ó tutù, ó sì ń yọ̀. Mo ti dáhùn ìyẹn, ó tó gẹ́ẹ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí ẹ ò bi mí, nítorí kì í ṣe yìnyín ni mo lọ wò ní ilẹ̀ Nọ́wè. Eyín ni mo bá lọ.

Ọ̀rọ̀ ìyá mi ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá mọ Màmá Àdùkẹ́ tó ń ta egúsí ní Èrúwà mọ̀ pé ẹ̀rín rẹ̀ la fi ń mọ̀ pé ó ti dé ọjà. Èjí kan wà láàárín eyín iwájú rẹ̀ lókè. Bàbá mi máa ń sọ pé èjí yẹn ni òun kọ́kọ́ rí kí òun tó rí ojú rẹ̀. Mo ti di nọ́ọ̀sì, mo ń ṣiṣẹ́ ní yàrá eyín ní ọsibítù kan ní Ìbàdàn, nígbà tí ìyá mi yọ̀ ṣubú níbi odò kékeré kan lọ́nà oko pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ egúsí lórí. Òkúta gba ẹnu rẹ̀. Gbogbo eyín iwájú òkè bá a lọ.

Mo mú un wá sí Ìbàdàn, wọ́n ṣe eyín àtọwọ́dá fún un, eyín tó tò gbọọrọ bí ọgbà ilé ìjọba, tí afẹ́fẹ́ ò lè gbà kọjá. Ìyá mi fi í sẹ́nu, ó wo dígí, ó yọ ọ́, ó nù ún, ó sì dì í padà sínú bébà rẹ̀.

"Eyín tó dáa ni o, Àdùkẹ́," ó ní. "Bá mi fún ẹni tó ni ín."

Láti ọjọ́ náà, bí nǹkan bá pa á lẹ́rìn-ín, á fi etí ìró bo ẹnu. Nígbà tó yá, nǹkan ò pa á lẹ́rìn-ín mọ́. Ìyẹn ló dùn mí jù.

Mo bẹ ọkùnrin tó ń ṣe eyín náà pé kó ṣe òmíràn, kó dá èjí sí i. Ó ní wọn ò kọ́ òun bẹ́ẹ̀. Àlàfo ni wọ́n ní kí òun máa dí, wọn ò ní kí òun máa là á. Ó tún bi mí pé, "Èjí ọ̀hún ńkọ́, báwo ló ṣe fẹ̀ tó? Ibo ló wà gan-an?" Mo wá fọ́tò ìyá mi lọ. Ẹyọ kan ló wà, ó sì fún ẹnu pọ̀ nínú rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ń bá wí, bí gbogbo yín ṣe máa ń ṣe níwájú kámẹ́rà. Ibi kan ṣoṣo tí èjí ìyá mi kù sí láyé yìí ni ẹnu tèmi. Ẹnu rẹ̀ ni mo gbé wáyé, gbogbo àdúgbò ló ń sọ bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, nígbà tí àwọn ọ̀gá wa sọ pé àwọn ará Nọ́wè kan ń wá nọ́ọ̀sì tí yóò wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn, níbi tí wọ́n ti ń ṣèwádìí eyín, iṣan ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti egungun ojú, mo ti nawọ́ kí wọ́n tó sọ̀rọ̀ tán. Tèmi yé mi. Mo fẹ́ kọ́ bí èèyàn ṣe ń ṣe eyín tí yóò dá ẹ̀rín padà sẹ́nu ìyá mi.

Ìlú tí wọn kì í kí ara wọn

Òjò ló pàdé mi. Òjò ilẹ̀ Ìbàràpá máa ń bínú wá, á sì bínú lọ. Tiwọn kò bínú, kò sì lọ. Àwọn èèyàn ń rìn nínú rẹ̀ bí ẹni pé kò sí níbẹ̀, mo sì tẹ̀ lé wọn, omi ń dún nínú bàtà mi.

Ní òwúrọ̀ àkọ́kọ́ mo kí gbogbo ẹni tí mo bá pàdé lọ́nà. Wọ́n ń wẹ̀yìn kí wọ́n lè mọ ẹni tí mò ń kí. Nínú bọ́ọ̀sì, ẹni méjì kì í jókòó ti ara wọn bí àyè bá ṣì wà níbòmíràn. Èmi ò mọ̀. Mo rí ìyá àgbà kan tó dá jókòó, àánú rẹ̀ ṣe mí, mo lọ jókòó tì í kó má baà ṣe é bí ẹni tí kò lẹ́nìkan. Ìyá gbá báàgì rẹ̀ mọ́ra.

Ọ̀jọ̀gbọ́n tí mo lọ bá, ọkùnrin gíga kan tí orí rẹ̀ ti funfun báláú, jáde wá pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà. Mo kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀. Bàbá rò pé nǹkan mi ló bọ́ sílẹ̀, lòun náà bá bẹ̀rẹ̀, ó ń fọwọ́ tálẹ̀ kiri. "Kí ló sọnù?" ó bi mí lédè Gẹ̀ẹ́sì. "Ṣé bọ́tìnnì ni?" Ojú tì mí láti ṣàlàyé, mo ní bọ́tìnnì ni. A wá a títí. Ó tún pe àwọn dókítà kéékèèké méjì kí wọ́n wá bá wa wá a.

Wọ́n ní Arne lorúkọ rẹ̀, pé kí n máa pè é bẹ́ẹ̀. Ẹnu mi kọ̀ ọ́. Ẹni tó ju bàbá mi lọ, n ó wá máa já orúkọ mọ́ ọn lórí? Mo ń pè é ní Bàbá. Nígbà tó gbọ́ ìtumọ̀ rẹ̀, inú rẹ̀ dùn, ó ń sọ fún gbogbo ará ibẹ̀ pé ọjọ́ ogbó òun ni òun tún bímọ.

Ọ̀dọ̀ opó kan ni wọ́n fi mí wọ̀ sí, Gudrun lorúkọ tirẹ̀, èmi ń pè é ní Màmá Gudrun. Oúnjẹ àkọ́kọ́ tó gbé síwájú mi, ẹja funfun ni, nínú ọbẹ̀ funfun, pẹ̀lú pòtétò funfun, lórí àwo funfun. Mo fojú wá ata títí. Ní ọjọ́ kejì ó fún mi ní wàràkàṣì ilẹ̀ wọn kan, aláwọ̀ igi, tí wọ́n gé ní igun mẹ́rin. Mo gbóòórùn rẹ̀, mo dúpẹ́, mo sì gbé e lọ sí balùwẹ̀. Ó yà mí lẹ́nu pé ọṣẹ ìlú wọn kì í hó. Ibẹ̀ ni Màmá Gudrun ti bá mi pẹ̀lú wàràkàṣì ní apá méjèèjì. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ balùwẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, láti ọjọ́ yẹn la sì ti di ọ̀rẹ́.

Òun ló mú mi lọ sí etí òkun. Ẹ̀yin èèyàn mi, kí ni mo rí? Panla. Panla yìí kan náà tí à ń fi òòlù fọ́ nílé, tí à ń rẹ sómi mọ́jú. Ibẹ̀ ni ilé bàbá rẹ̀. Mo dúró tì í, mo ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó rí ará ìlú rẹ̀ lájò. Mo ní kí ọkùnrin tó ń tà á fún mi ní orí rẹ̀. Ó bi Màmá Gudrun pé ológbò mélòó ni mo ní. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà mo fi egúsí tí ìyá mi dì fún mi se é, pẹ̀lú ata tó kù nínú àpò mi. Màmá Gudrun jẹ ẹ́, ó sunkún, imú rẹ̀ ń dà, ó ń mi orí. Mo ní kó fi sílẹ̀. Ó fi pòtétò nu àwo rẹ̀ mọ́ tónítóní.

Ahọ́n, ètè àti ẹ̀rẹ̀kẹ́

Iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ rọrùn láti sọ, kò rọrùn láti ṣe. Wọ́n fẹ́ mọ ìdí tí eyín ẹlòmíràn fi ń tò, tí tẹlòmíràn ń gun ara wọn, àti ohun tí jíjẹ àti rírún oúnjẹ ń ṣe sí egungun ojú ọmọdé tó ń dàgbà. Wọ́n á lẹ wáyà tín-ín-rín mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti ẹ̀bátí èèyàn. Bó bá ti ń rún nǹkan lẹ́nu, ẹ̀rọ kan á máa fi kálámù fa ìlà sórí bébà. Bí iṣan bá ṣe lágbára tó ni ìlà ṣe ń ga tó.

Wọ́n lẹ ẹ́ mọ́ èmi náà. Ìda ni wọ́n fún mi jẹ, ìda tí kò ládùn, kò níyọ̀. Kálámù ń rìn gẹ́rẹ́gẹ́rẹ́. Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n jẹ oúnjẹ." Mo yọ panla gbígbẹ tí mo fi sápò, mo jù ú sẹ́nu. Kálámù fò dé etí bébà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ já. Gbogbo wọn dìde lórí àga.

"Kí lẹ máa ń jẹ nílé yín?" Bàbá bi mí.

Mo kà á fún un: àgbàdo sísun, orógbó, ẹran ìgbẹ́ gbígbẹ, eegun.

"Ẹ máa ń jẹ eegun?"

"Ta ni í ju eegun nù?" ni mo fi dá a lóhùn. Ó kọ ọ́ sílẹ̀.

Ọ̀pọ̀ nǹkan ni bàbá yìí kọ́ mi, kò sì fi ìkankan pamọ́. Ó ní eyín kì í dá dúró. Ahọ́n ń tì í síta, ètè àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ ń tì í sínú; ibi tí agbára wọn bá ti dọ́gba ni eyín á fìdí múlẹ̀ sí. Mo ní ó yé mi, pé bí ìyàwó ilé ṣe ń gbé láàárín ìyá ọkọ àti ọkọ nìyẹn. Ó tún ní bí eyín bá ti kúrò, egungun tó gbé e dúró á bẹ̀rẹ̀ sí í joro díẹ̀díẹ̀, ètè á sì máa wọnú. Ọ̀rọ̀ yìí bà mí lẹ́rù. Mo ń jẹ ẹja funfun lọ́hùn-ún, egungun ẹnu ìyá mi ń joro lọ ní Èrúwà.

Ẹ̀bùn tí mi ò bèèrè

Àṣà kan wà níbẹ̀ tí mo fẹ́ràn kó tó kàn mí. Ẹni tuntun tó bá wá kọ́ṣẹ́ gbọ́dọ̀ fi wáyà sí eyín tirẹ̀ fún oṣù díẹ̀. Wọ́n ní ẹni tí wáyà ò ta lẹ́nu rí kò mọ ohun tó ń fi ọmọ ọlọ́mọ ṣe. Ọ̀rọ̀ ọgbọ́n ni. Mo la ẹnu, wọ́n fi ìda gbígbóná gba àwòrán eyín mi, wọ́n sì da ẹfun pípò sínú rẹ̀. Nígbà tó le, eyín mi wà lórí tábìlì, funfun, bí ẹni pé mo yọ wọ́n.

Ọ̀kan nínú àwọn dókítà kéékèèké wò ó, ojú rẹ̀ tàn. "Tìrẹ mà rọrùn o," ó ní. "Àlàfo kan péré ni. A ó ti dí i kí o tó padà sílé." Àwọn yòókù bọ̀ mí lọ́wọ́. Wọ́n ń bá mi yọ̀ bí ẹni tí wọ́n fún ní ilé.

Àwòrán kan ṣoṣo tí mo ní nípa ẹnu ìyá mi, òun ni wọ́n fẹ́ dí yìí. Òótọ́ ni pé wọ́n ti da ẹfun sínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹfun kì í rẹ́rìn-ín. Bí ètè ṣe ń gbà sókè lórí èjí, bí ahọ́n ṣe ń kan án bí èèyàn bá ń sọ̀rọ̀, ẹnu alààyè nìkan ló lè sọ ìyẹn fún mi. Bí mo bá dé ilé tí ẹnu mi ti dí, èjí ilé wa parí nìyẹn. Ẹ ó ní kí ló dé tí mi ò sọ̀rọ̀. Àlejò tí wọ́n fún lẹ́bùn, tí gbogbo ilé ń bá yọ̀, báwo ló ṣe fẹ́ ní òun ò gbà? Mo rẹ́rìn-ín ẹ̀tàn, mo dúpẹ́. Láti ọjọ́ náà, oúnjẹ ò lọ lẹ́nu mi.

Kí ọjọ́ wáyà tó pé, Bàbá to àwòrán eyín oríṣiríṣi sórí tábìlì gígùn, gbogbo wọn jẹ́ ẹfun, kò sí orúkọ lára wọn, nọ́ńbà ló wà ní ìdí wọn. Ó ní kí àwa tuntun tò wọ́n láti orí èyí tó dára jù dé èyí tó burú jù. Ìdánwò ni. Àwọn yòókù tò ó, gbogbo wọn bá ara wọn mu. Ó kàn mí. Mo fara balẹ̀, mo to tèmi. Nígbà tí mo parí, àwọn dókítà kéékèèké ń fọwọ́ bo ẹnu.

Bàbá kò rẹ́rìn-ín. Ó mú ọ̀kan tí mo fi sáàárín. "Èyí ni mo máa ń fi kọ́ gbogbo wọn pé ó pé. Kí ló ṣe é?"

"Kò ṣe nǹkan kan, Bàbá. Ó mọ́. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó máa wẹ̀yìn wò ó lọ́nà."

"Èyí tó o wá fi ṣáájú yìí ńkọ́?"

"Ẹ ò rí èjí rẹ̀ bó ṣe là? Ẹni tó ni eyín yìí, bó bá rẹ́rìn-ín lọ́jà, ẹni tó fẹ́ ra iyọ̀ á gbàgbé iyọ̀. Ó dájú pé arẹwà ni."

Bàbá yí i po, ó wo ìdí rẹ̀. "Tìrẹ ni," ó ní.

Ilé dà rú. Àfi ẹ̀rín. Èmi náà rẹ́rìn-ín títí mo fi di ẹ̀gbẹ́ mú, mo ti fi ẹnu ara mi yin ara mi láìmọ̀. Àárín ẹ̀rín ọ̀hún ni ẹkún ti gbà á lọ́wọ́ mi. Mo wá sọ gbogbo rẹ̀: odò, apẹ̀rẹ̀ egúsí, eyín tí ìyá mi dì padà sínú bébà, ẹ̀rín tó wọlé tí kò jáde mọ́.

"Kí ló dé tí o ò sọ fún wa?" Bàbá bi mí.

"Ẹ̀bùn lẹ pè é, sà."

Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún fún ìgbà pípẹ́. Ó ní èjí kì í ṣe àrùn, pé òun ló yẹ kí òun bi mí léèrè kí wọ́n tó mú ọjọ́. Lẹ́yìn náà ló wá ní òfin ni òfin, wáyà gbọ́dọ̀ wọ ẹnu mi. Ṣùgbọ́n eyín ìsàlẹ̀ mi kan wọ́, òun ni wọ́n ó fi sí. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún yín, ó ta mí. Mo kérora, inú mi sì ń dùn.

Màmá Gudrun di eléjìí

Bàbá ní òun kò ṣe eyín àtọwọ́dá tó ní èjí rí, àti pé ohun tí a kò dán wò kì í ṣe ohun tí à ń gbé lọ fún ìyá ẹni. Ẹnu ta la ó wá fi dán an wò?

Ẹ rántí pé ilé Màmá Gudrun ni mò ń gbé. Gbogbo eyín òkè rẹ̀, àtọwọ́dá ni. Ó sọ fún mi pé nígbà tí òun fẹ́ lọ sílé ọkọ, wọ́n yọ gbogbo rẹ̀, èyí tó dáa àti èyí tí kò dáa, kí owó ìtọ́jú eyín má baà yọ ọkọ lẹ́nu lọ́la. Ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ̀rọ̀ aṣọ ìgbéyàwó. Mo la ẹnu, mi ò lè pa á dé.

Nígbà tí mo ròyìn ohun tí Bàbá wí, ó gbé ife kọfí rẹ̀ sílẹ̀. "Ẹ lo ẹnu tèmi," ó ní. "Ó ti pẹ́ tó ti ń jókòó lásán."

Èmi ni mo ṣe é, Bàbá dúró lẹ́yìn mi. Ti àkọ́kọ́ fẹ̀ jù. Bí Màmá Gudrun bá ti sọ̀rọ̀ báyìí, á súfèé, ajá ilé kejì á sì dáhùn. Ti èkejì, mo gbé eyín síwájú jù, ètè ń tì í, kò sì dúró. Mo padà sídìí dígí, mo wo ẹnu tèmi, mo rẹ́rìn-ín sí ara mi bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú, mo ń wo ibi tí ètè mi ń dé. Ìgbà yẹn ni mo wá rí i pé èjí wa kò dúró sí àárín gan-an. Ó yà díẹ̀ sí apá òsì. Mo ti ń fi ẹnu yìí jẹun láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi, mi ò mọ̀. Mo tún òmíràn ṣe. Màmá Gudrun fi sẹ́nu, ó gbàdúrà oúnjẹ, ó bú mi díẹ̀ lédè wọn, kò sì súfèé.

Ó wọ̀ ọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní ọjọ́ Ìsinmi. Ní ìlú tí wọn kì í kí ara wọn, àwọn èèyàn ń dá a dúró lọ́nà. Wọ́n ń bi í pé kí ló fi ojú ṣe tó fi dà bí ọmọge. Nígbà tí mo ní kó bọ́ ọ kí n gbé e padà fún Bàbá, ó ní irú ọ̀rọ̀ wo nìyẹn. Ẹnu rẹ̀ ni mo fi í sílẹ̀ sí, ibẹ̀ ló ṣì wà.

Ìyá mi

Mo ti dé Èrúwà, mo ti pín ẹ̀bùn tán, kí n tó sọ ìdí tí mo fi gbé àpótí irinṣẹ́ dání. Ìyá mi wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. "Ṣé o tún gbé òmíràn dé ni?" ó ní. Ṣùgbọ́n ó jókòó, ó la ẹnu, mo sì gba àwòrán rẹ̀. Egungun ti joro bí Bàbá ṣe sọ, ètè ti wọnú. Mo ní láti fi èrìgì àtọwọ́dá dí ibi tó joro, díẹ̀díẹ̀, títí ètè fi padà sí àyè rẹ̀. Ìbàdàn ni mo ti ṣe é, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkùnrin tó ṣe ti ìṣáájú. Ó dúró tì mí, ó ń bi mí ní ìbéèrè, ó sì bá mi dán an títí ó fi ń kọ mọ̀nà.

Mo gbé e wá ní ọ̀sán, ìyá mi wà lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó ń bó egúsí. Mo fi í sí i lẹ́nu. Mo rí i tó ń fi ahọ́n tọ́ ọ wò láti inú, síwá, sẹ́yìn. Ẹ̀rù bà mí ju bó ṣe bà mí nínú ọkọ̀ òfuurufú lọ.

"Ya ẹnu rẹ," ó ní.

Mo ya ẹnu. Ó di àgbọ̀n mi mú, ó gbé ojú mi sí ìmọ́lẹ̀, ó wò ó dáadáa, ahọ́n rẹ̀ ṣì ń rìn nínú ẹnu tirẹ̀.

"Ó yà sí òsì," ó ní. "Báwo lo ṣe mọ̀?"

Kò dúró gbọ́ èsì. Ó gbọn èèpo egúsí kúrò lára, ó tún ìró ró, ó sì jáde sí títì. Ó kí télọ̀ iwájú ilé. Ó kí àwọn tó ń bọ̀ láti oko. Ó kí àwọn tó ti kí ní òwúrọ̀, ó tún bi wọ́n léèrè àwọn ará ilé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ọ̀rọ̀ lè gùn. Ó dúró níwájú ilé obìnrin kan tí wọn ò jọ sọ̀rọ̀ láti ọdún tó kọjá, ó kí ìyẹn náà, obìnrin ọ̀hún sì pariwo pé, "Màmá Àdùkẹ́, ẹ̀yin lẹ̀ ń rín báyìí?" Àwọn méjèèjì di ara wọn mú, wọ́n ń rín in lọ.

Mo gúnyàn sílẹ̀, mo bù ú sáwo. Ó ń tutù. Mo jáde lọ pè é ní òpin àdúgbò, mo ní, "Màmi, oúnjẹ ti délẹ̀, ẹ máa bọ̀ wálé."

Kò tilẹ̀ wẹ̀yìn. "Máa jẹ tìrẹ, ọmọ mi," ó ní. "Mi ò tíì rẹ́rìn-ín tán."